Ẹ̀kọ́ mẹ́rin, ìwàásù kan: báwo lẹ ṣe ń múra rẹ̀ sílẹ̀?

Oníwàásù_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ti fi orúkọ mi kún àwọn tí yóò máa wàásù ní ìjọ wa, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Inú díárì ìjọ ni àwọn ẹ̀kọ́ wà: Májẹ̀mú Láéláé, Sáàmù, Epístélì, Ìhìnrere. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Ṣé dandan ni kí n kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwàásù kan? Báwo ni kí n ṣe pín ọ̀sẹ̀ mi, nítorí mo ń lọ síbi iṣẹ́ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì? Ìṣẹ́jú mélòó ló tó? Ọjọ́ Ìsinmi kẹta nínú Lẹ́ńtì, Ọdún A, ni wọ́n kọ́kọ́ yàn fún mi.

Katikíìsì_Àgbà
Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Rárá o, kì í ṣe dandan. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe kó àwọn ẹ̀kọ́ náà jọ. Ẹ ó rí i pé àwọn kan mọ ara wọn dáadáa, àwọn kan kàn jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà ni.

Ìtò ẹ̀kọ́ Bíbélì ọlọ́dún mẹ́ta (Ọdún A, B àti C) tí ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ń lò jáde ní 1992. Ara ìtò ìjọ Kátólíìkì ti 1969 ni wọ́n ti fà á yọ, ìdí nìyẹn tí Ìhìnrere fi máa ń bára mu ní ọ̀pọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Mátíù ló ni Ọdún A, Máàkù ló ni B, Lúùkù ló ni C. Jòhánù kò ní ọdún tirẹ̀. Wọ́n fọ́n ọn ká sínú Kérésìmesì, Lẹ́ńtì àti àkókò Àjíǹde, wọ́n sì fi orí kẹfà rẹ̀ dí àlàfo nínú Ọdún B nítorí pé Máàkù kúrú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọdún tí a wà, ẹ fi mẹ́ta pín in. Tí kò bá ṣẹ́ku nǹkan kan, C ni. Tó bá ṣẹ́ku 1, A ni. Tó bá ṣẹ́ku 2, B ni. Nípa bẹ́ẹ̀, 2025 jẹ́ C, 2026 jẹ́ A, 2027 jẹ́ B. Àmọ́ Àdìfẹ́ǹtì ni ọdún ìjọ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ọdún A ti 2026 bẹ̀rẹ̀ ní 30 Oṣù Kọkànlá 2025. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń ṣì í: oṣù Ọ̀pẹ á ti dé, oníwàásù á ṣì máa ṣí ojú ewé ọdún tó ti parí.

Wàyí o, ní Àdìfẹ́ǹtì, Kérésìmesì àti Lẹ́ńtì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè kọjú síbì kan náà. Ní àkókò Àjíǹde, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ló máa ń gba àyè Májẹ̀mú Láéláé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, nígbà tí aṣọ pẹpẹ bá ti di àwọ̀ ewé, Epístélì á bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn tirẹ̀. Wọn á máa ka ìwé kan lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, láìbìkítà ohun tí Ìhìnrere ń sọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ka Lúùkù 11:1-13 ní Ọdún C, níbi tí Jésù ti kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní àdúrà. Kólósè 2 ni Epístélì ọjọ́ yẹn: ìkọlà, ìrìbọmi, àti ìwé ẹ̀sùn tí a kàn mọ́ àgbélébùú. Ẹni tó bá fi agídí so ó mọ́ àdúrà, òun nìkan ni yóò mọ ibi tí okùn náà gbà.

Ní ti Sáàmù, èsì ìjọ sí ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni. Ẹ lè wàásù lórí rẹ̀ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín lọ́jọ́ tí ẹ kò wàásù lórí rẹ̀ ni pé ó ń fi hàn yín ohun tí àwọn tó yan ẹ̀kọ́ rí nínú ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní.

Peckham_SE15
Katikíìsì ti sọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà méjì kún un, nítorí ó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí ìdààmú. Nínú ìtò ti 1992, Májẹ̀mú Láéláé pín sí méjì lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì. Ọ̀nà kan ń ka ìtàn tẹ̀léra: Ọdún A bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì ó sì bá Mósè lọ, Ọdún B mú ti Sámúẹ́lì, Dáfídì àti Sólómọ́nì, Ọdún C mú àwọn wòlíì. Ọ̀nà kejì ń wá èyí tó bá Ìhìnrere ọjọ́ náà mu. Lọ́jọ́ Lúùkù 11 yẹn, Hóséà 1 ni ọ̀nà àkọ́kọ́ máa kà. Ọ̀nà kejì máa ka Jẹ́nẹ́sísì 18:20-32, níbi tí Ábúráhámù ti ń bá Ọlọ́run dúnàádúrà lórí Sódómù, láti àádọ́ta olódodo wálẹ̀ dé mẹ́wàá.

Church of England ní ọ̀nà méjèèjì nínú ìtò tirẹ̀, ìjọ á mú ọ̀kan, kò sì dáa kí wọ́n máa fò láti orí èyí bọ́ sórí ìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kátólíìkì kò ní ọ̀nà àkọ́kọ́ rárá. Àwọn tó ṣì ń fi Ìwé Àdúrà ti 1662 ṣe ìsìn kò ní A, B, C kankan: Epístélì kan, Ìhìnrere kan, wọ́n á tún un kà bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé oníwàásù á wa ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á múra Hóséà sílẹ̀, òǹkàwé á dìde, á ka Jẹ́nẹ́sísì. Díárì ìjọ yín ni òdiwọ̀n, kì í ṣe fóònù. Ọ̀pọ̀ àlàyé ọ̀fẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ fún ìjọ rẹ̀. Ẹ mú àlàyé ẹsẹ Bíbélì níbẹ̀, kí ẹ fi àpẹẹrẹ yìnyín àti bọ́ọ̀lù wọn sílẹ̀ fún wọn.

Màmá_Kíláàsì
Ọmọ mi, jẹ́ kí n dá sí ti ọ̀sẹ̀ rẹ. Ètò yìí wà fún ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lágogo méje alẹ́.

Alẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ni kí o bẹ̀rẹ̀, má jẹ́ kó di Ọjọ́bọ̀. Ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè kí etí rẹ gbọ́ wọn, nítorí etí ni ìjọ máa fi gbà wọ́n, kì í ṣe ojú. Má tíì fọwọ́ kan ìwé àlàyé. Mú bírò, kọ ohun tó yà ọ́ lẹ́nu, ohun tó bí ọ nínú, ohun tí kò yé ọ. Ibi tí o ti kọsẹ̀ ni ìjọ náà máa kọsẹ̀ sí. Tí o bá ti ka àlàyé kí o tó ṣe èyí, o ò ní rántí mọ́ pé ibẹ̀ le.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ka orí tó ṣáájú àti orí tó tẹ̀ lé e. Kí o wá fojú sí àwọn àmì tó wà láàárín ẹsẹ. Kọ́mà túmọ̀ sí pé wọ́n ti fo nǹkan. Tí díárì bá kọ Sáàmù 139:1-12, 23-24, lọ wo 19 sí 22, wà á bá ìbínú níbẹ̀, onísáàmù ń bẹ Ọlọ́run pé kó pa àwọn ènìyàn búburú. Ìfihàn 22:12-14, 16-17, 20-21 náà fo ìkìlọ̀ inú ẹsẹ 15, 18 àti 19. Kì í ṣe pé o gbọ́dọ̀ wàásù lórí ohun tí wọ́n fò. Ṣùgbọ́n ẹnìkan á ṣí Bíbélì rẹ̀ níwájú rẹ, á rí i, á sì bi ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́tà kékeré lẹ́yìn nọ́ńbà, bíi Jẹ́nẹ́sísì 12:1-4a, ìdajì àkọ́kọ́ ẹsẹ náà ni. Èyí tó wà nínú àkámọ́, ẹ lè kà á, ẹ lè fò ó. Ìwọ àti òǹkàwé ni kẹ́ ẹ fohùn ṣọ̀kan ṣáájú.

Ọjọ́rú, ìwé àlàyé méjì. Má kọjá méjì, nítorí ẹni tó bá ka márùn-ún á fẹ́ sọ ohun tó wà nínú márààrún.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo. Má kọ ojú ewé kankan kí gbólóhùn yìí tó dúró. Kí Ọlọ́run jẹ́ ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú rẹ̀. "Ó yẹ ká máa gbàdúrà" kò tíì tó, ìkìlọ̀ lásán ni, ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́ láìṣí Bíbélì. "Ọlọ́run fún àwọn tó ń kùn sí i ní omi", èyí ti ní ohun tó gbé dání. Tí gbólóhùn rẹ bá ní "àti" méjì nínú, ìwàásù méjì lo ní lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni kíkọ. Àbámẹ́ta, dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ, kà á sókè, kí aago wà níwájú rẹ. Ibi tí ahọ́n rẹ bá ti lọ́ pọ̀, gbólóhùn yẹn gùn jù, gé e sí méjì.

Séminárì_Ọdún_Kẹrin
Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ tí wọ́n yàn fún un gan-an. Ọjọ́ Ìsinmi kẹta Lẹ́ńtì, Ọdún A: Eksodu 17:1-7, Sáàmù 95, Róòmù 5:1-11, Jòhánù 4:5-42. Nínú ìtò Kátólíìkì, Eksodu bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 3, Róòmù sì jẹ́ 5:1-2, 5-8. Ọjọ́ yìí wà lára èyí tí àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ ara wọn jù lọ.

Omi ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń rí. Òótọ́ ni: omi látinú àpáta ní Réfídímù, omi ìyè lẹ́nu kànga Jákọ́bù ní Síkárì, Róòmù 5:5 sì ní a ti tú ìfẹ́ Ọlọ́run sínú ọkàn wa. Àmọ́ tí ẹ bá dúró lórí "omi" nìkan, ìwàásù á di àkójọ ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ nípa omi. Ẹ wo ìbéèrè tó wà ní Eksodu 17:7: "Olúwa ha wà láàárín wa tàbí kò sí?" Ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ ní Másà àti Mẹ́ríbà, òun náà ni Sáàmù 95 ń tọ́ka sí nígbà tó ní kí ẹ má sé àyà yín le. Ẹ padà sí ẹsẹ 6. Ọlọ́run ti sọ fún Mósè pé òun máa dúró níwájú rẹ̀ lórí àpáta ní Hórébù. Ó ti wà níbẹ̀ kí omi tó jáde. Ní Jòhánù 4:6, ó ti rẹ Jésù, ó jókòó lẹ́nu kànga, kí obìnrin náà tó dé. Òun ló kọ́kọ́ tọrọ omi. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ nínú Ìhìnrere yìí ni yóò tún sọ ọ́ lórí àgbélébùú ní Jòhánù 19:28.

Gbólóhùn Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lè wá jẹ́: níbi tí òùngbẹ ti ń mú kí àwọn ènìyàn béèrè bóyá Ọlọ́run wà, Ọlọ́run ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta fún Réfídímù, méje fún kànga, Róòmù gba gbólóhùn méjì péré.

Àwọn ibi tí ìwàásù ọjọ́ yìí ti máa ń bàjẹ́:

Àwọn oníwàásù máa ń pe obìnrin yẹn ní aṣẹ́wó. Kò sí nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹsẹ 18 ní ó ti ní ọkọ márùn-ún, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ikú lè pa ọkọ, ọkọ sì lè kọ aya sílẹ̀. "Má dẹ́ṣẹ̀ mọ́" tí wọ́n ń sọ pé Jésù sọ fún un, Jòhánù 8:11 ló wà, obìnrin mìíràn ni. Èyí tí Jòhánù sọ nípa obìnrin Samáríà ni pé ọ̀pọ̀ ará ìlú rẹ̀ gbàgbọ́ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹsẹ 39. Àwọn opó àti àwọn tí ọkọ ti kọ̀ sílẹ̀ ń gbọ́ ìwàásù yìí láti orí àga. Ẹ ṣọ́ ẹnu.

Wákàtí kẹfà ni ọ̀sán gangan. Wọ́n á ní ìtìjú ló jẹ́ kó wá lásìkò yẹn. Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ lè dúró lé ni pé Nikodémù wá lóru ní orí 3, òun wá lọ́sàn-án, Nikodémù sì wábi gbà láìsọ nǹkan kan, obìnrin yìí ló lọ pe ìlú wá. Nínú ìtò 1992, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n ka Nikodémù, nítorí náà ẹ lè sọ pé "ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá". Fadá kò lè sọ ọ́, ìpaláradà Jésù lórí òkè ni Kátólíìkì kà lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹsẹ méjìdínlógójì ni Ìhìnrere náà. Àwọn Kátólíìkì ní ẹ̀dà kúkúrú tó fo ẹsẹ 16 sí 18. Tí ẹ bá lò ó, ìjọ á gbọ́ tí obìnrin náà ní wòlíì ni Jésù, wọn ò sì ní gbọ́ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ má wàásù lórí ọkọ márùn-ún lọ́jọ́ tí ẹ ka ẹ̀dà kúkúrú. Inú mi kì í dùn sí ẹ̀dà kúkúrú yìí, àmọ́ èrò tèmi nìyẹn.

Àlùfáà_Òkè
Séminárì, ẹ kú làálàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti so ẹ̀kọ́ mẹ́rin pọ̀ nìyẹn. Oníwàásù tuntun ni o. Ìhìnrere nìkan ni kó mú, kó jẹ́ kí mẹ́ta tó kù jẹ́ kíkà lásán fún ọdún kan gbáko.

Séminárì_Ọdún_Kẹrin
Sà, mo gbà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ti Lẹ́ńtì Ọdún A ló yàtọ̀, torí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so wọ́n pọ̀.

Katikíìsì_Àgbà
Èmi ò fara mọ́ Ìhìnrere nìkan títí láé. Ìjọ tí kò gbọ́ ìwàásù kan lórí Epístélì láti ọdún dé ọdún, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ni ìdáláre, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ. Àkókò aláwọ̀ ewé ni kí ẹ fi ṣe é. Lọ́dún A, Róòmù ni wọ́n ń kà tẹ̀léra. Ní 2026, láti oṣù Kẹfà títí dé àárín oṣù Kẹsàn-án ni. Ẹ tò ó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pín in láàárín àwọn oníwàásù, kí ẹnì kan má baà sọ orí 8 tán kí ẹni tó tẹ̀ lé e tún sọ ọ́.

Jòhánù 6 ti Ọdún B gba irú ètò yẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko lórí oúnjẹ ìyè: 25 Oṣù Keje sí 22 Oṣù Kẹjọ ní 2027. Ẹni tó bá ti lo gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ló fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ kẹrin? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyanu búrẹ́dì àti ẹja nìkan. Ìkejì, ìdí tí wọ́n fi ń wá Jésù. Ìkẹta, ìkùnsínú wọn. Ìkẹrin ni Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ti yẹ gan-an, 6:51-58. Ìkarùn-ún, àwọn tó padà lẹ́yìn rẹ̀.

Òǹkàwé_Pẹpẹ
Ẹ̀yin oníwàásù kì í rántí òǹkàwé. Ìdajì ìwàásù ti bàjẹ́ kí ẹ tó dé orí àga ìwàásù tí ìjọ kò bá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀kọ́.

Mo mú Lúùkù 4 wá. Ní Ọdún C, ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn Epifánì máa ka 4:14-21, ọ̀sẹ̀ kẹrin á bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 21 yẹn kan náà lọ sí 30. Òǹkàwé á dìde: "Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wí fún wọn pé, Lónìí ni Ìwé Mímọ́ yìí ṣẹ ní etí yín." Ta ni "ó"? Àwọn wo ni "wọn"? Ìwé Mímọ́ wo? Ẹni tí kò wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti ṣáko lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, àwọn ará Násárẹ́tì á fẹ́ ti Jésù ju sísàlẹ̀ òkè, kò sì ní mọ ohun tó bí wọn nínú. Kí òǹkàwé fi "Jésù" àti "àwọn tó wà nínú sínágọ́gù ní Násárẹ́tì" rọ́pò ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ àkọ́kọ́. Kí oníwàásù fi gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ dá Àìsáyà 61 padà sí etí ìjọ. Bí ìwàásù ọ̀sẹ̀ méjèèjì bá wà lọ́wọ́ èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n pe ara wọn.

Ẹ fún òǹkàwé ní ẹ̀kọ́ lórí ìwé, lẹ́tà ńlá, ó kéré tán ìwọ̀n 16, kí àmì ohùn pé lórí orúkọ èèyàn àti ti ìlú. Kí ẹ sì béèrè ẹ̀dà Bíbélì tó máa lò. Tó bá ka Bíbélì Mímọ́ ti àtijọ́, tí ẹ̀yin wá fa ọ̀rọ̀ yọ láti ẹ̀dà òde òní, ìjọ á rò pé ẹsẹ mìíràn lẹ ń kà.

Ògbufọ̀_Èkó
Ìbéèrè kẹta rẹ̀ lórí ìṣẹ́jú kò tíì rí ìdáhùn. Ìṣẹ́jú 12 sí 15 tó fún ìsìn tó ní ẹ̀kọ́ mẹ́rin, orin àti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Nínú ìwé, ìyẹn á sún mọ́ ọ̀rọ̀ 1,300 sí 1,600 fún ẹni tí kì í sáré sọ̀rọ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé iye tí mo sọ, ahọ́n ju ahọ́n lọ. Ka ojú ewé kan sókè, wo aago, wà á mọ tìrẹ.

Tí ìjọ bá ń túmọ̀ ìwàásù láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tàbí láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, gé ìwé rẹ sí ìdajì. Ogún ìṣẹ́jú lórí aago, mẹ́wàá péré ni ìwàásù. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ìwé odindi wá, ìjọ á pẹ́, wọn á wá máa fo ojú ewé lójú gbogbo èèyàn, èyí tí wọ́n fò sì ni Ìhìnrere gan-an, nítorí wọ́n ti lo àkókò lórí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀.

Fi ìwé ránṣẹ́ sí ògbufọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì. Sọ gbólóhùn tó parí kí o tó dúró fún un. "Nígbà tí Jésù dé ẹnu kànga…" kí o wá dákẹ́: kí ni kó túmọ̀? Má fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe kókó ìwàásù, P mẹ́ta tàbí R mẹ́rin. Ní Yorùbá wọ́n á tú ká.

Òwe náà ní ìwọ̀n. Ọ̀kan, níbi tó ti gbé ọ̀rọ̀ náà. Tí o bá pa márùn-ún, òwe ni wọ́n máa rántí dé ilé, wọn ò ní rántí Síkárì. Ní ti "sọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́", ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá rẹ.

Màmá_Kíláàsì
Ẹ̀yin ẹlẹ́yìn-ín-dídùn, ẹ ò tíì dárúkọ Ìkórè. Kí ni kí ọmọ yìí ṣe lọ́jọ́ tí ètò ìjọ àti ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà bá forí gbárí?

Katikíìsì_Àgbà
Màmá ti dé ibi tó ń dùn wá. Ìkórè oṣù Kọkànlá sábà máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Máàkù 12:38-44 ní Ọdún B. Gbogbo ìgbìmọ̀ Ìkórè ló fẹ́ràn ẹsẹ 41 sí 44: opó fi owó kékeré méjì sínú àpótí, ó fi gbogbo ohun tó ní. Ẹ wo ibi tí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ 38, Jésù ní ẹ ṣọ́ra fún àwọn akọ̀wé tó ń rìn nínú aṣọ gígùn, tí wọ́n ń wá ìjókòó ọlá. Ẹsẹ 40, wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run. Lójú ẹsẹ̀ ni opó wọlé. Tí ẹ bá tún ka ẹsẹ méjì tó tẹ̀ lé e, 13:1-2, Jésù ní kò ní sí òkúta kan lórí òmíràn nínú tẹ́ḿpìlì tí owó náà wọ̀.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 41 láti fi gba owó lọ́wọ́ àwọn opó ti fi ara rẹ̀ sí ẹsẹ 40. Ẹ wàásù lórí odindi rẹ̀. Ẹ lè yin ìfọkànsìn obìnrin náà, kí ẹ sì bi ìjọ léèrè ohun tí àpótí ìjọ ń ṣe fún àwọn opó tó wà nínú rẹ̀. Tí fẹ́sítìrì (ìgbìmọ̀ ìjọ) bá fẹ́ ẹ̀kọ́ Ìkórè, Diutarónómì 26:1-11 lórí àkọ́so èso wà fún ọpẹ́, ọ̀pọ̀ ìtò sì gba kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ìkórè. Ẹ jẹ́ kí àlùfáà ìjọ fọwọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n tó tẹ ìwé ètò.

Ti ìdúpẹ́ ẹbí lẹ́yìn ìsìnkú kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ wàásù, kí ẹ dárúkọ ẹbí nínú àdúrà. Ìwàásù kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé olóògbé.

Peckham_SE15
Kókó kékeré kan: ẹ tọ́jú ìwé ìwàásù yín sínú fáìlì mẹ́ta, A, B, C, kí ẹ kọ ẹ̀kọ́ tí ẹ mú sí orí rẹ̀. Tí Lẹ́ńtì yìí bá padà wá ní 2029, ẹ ó mọ̀ pé Jòhánù lẹ lò, ẹ ó mú Eksodu. Ẹ má kàn tún ti àtijọ́ kà, àwọn ará ìjọ ń rántí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Oníwàásù_Tuntun
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Ìbéèrè kan ló kù: tí wọ́n bá pè mí ní alẹ́ Àbámẹ́ta pé ẹni tó yẹ kó wàásù ń ṣàìsàn ńkọ́?

Àlùfáà_Òkè
Wákàtí mẹ́ta tó, tí ẹ kò bá fi ìkankan nínú rẹ̀ wa ìwàásù ẹlòmíràn lórí fóònù. Ìhìnrere nìkan. Wákàtí àkọ́kọ́: ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta sókè, ẹ ka orí tó ṣáájú, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló wà níbẹ̀? Kí ni Jésù ṣe tàbí sọ tí wọn kò retí? Kí ló yí padà fún wọn? Wákàtí kejì: ìwé àlàyé kan, láti rí i dájú pé ẹ kò ṣi ọ̀rọ̀ kan gbà, lẹ́yìn náà gbólóhùn kan yẹn. Wákàtí kẹta: ẹ kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ àti gbólóhùn ìkẹyìn jáde lódindi, kí àárín wà ní kókó mẹ́ta lórí káàdì kan. Ìparí ni ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ kì í rí, á máa yí po bí ìjọ ti ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó, ẹnikẹ́ni kò ní bínú sí yín.

Kí ẹ tó jókòó ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, ẹ pe òǹkàwé, kí ẹ béèrè ẹ̀kọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹ̀dà Bíbélì tó máa kà.